Ìdì Kọfí Ẹlẹ́yọ Kan: Ibo Ló Ti Wá, Kí Ló sì Kàn Wá?

Ọ̀rọ̀ kọfí ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kọfí kì í ṣe ohun mímu tiwa, pé tíì la mọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nílé wa, ohun gbígbóná yòówù tí a bá da mílíìkì àti ṣúgà sí, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Milo, tíì ni. Ovaltine, tíì ni. Kódà Nescafé tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi ń lé oorun lọ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tíì ni àwọn ìyá wa ń pè é. Nítorí náà, ẹ gbà mí láàyè.

Ní ọdún 2004, nígbà tí mo ṣì ń kàwé, mo ń ṣe iṣẹ́ kílínìn ní ọ́fíìsì kan ní City, àdúgbò àwọn báńkì ní àárín Lọ́ńdọ́nù. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń wà ní ibùdókọ̀ Elephant and Castle. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ irú èrò tí í máa ń wà nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ará wa tó ń bọ̀ láti Peckham, tí wọ́n fi gèlè tàbí fìlà bo etí nítorí òtútù; àwọn ará Gánà; àti àwọn ará Kòlóńbíà àti Ecuador, tí Elephant jẹ́ ìlú wọn ní Lọ́ńdọ́nù gẹ́gẹ́ bí Peckham ti jẹ́ tiwa. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Oorun ni gbogbo wa ń sùn, orí wa ń mi síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ̀rọ kan wà ní ọ́fíìsì náà. Ènìyàn á ki ìdì kékeré kan bọ inú rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, kọfí á sì dà sínú ife kí ó tó sọ pé òun fẹ́ yọ fóònù lápò. Iṣẹ́ tèmi ni láti da àwọn ìdì tí wọ́n ti lò nù láràárọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n ju 100 lọ, wọ́n tutù, wọ́n wúwo, omi dúdú ń kán lára ọ̀rá tí mo kó wọn sí. Lára ẹ̀rọ náà, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ló wà fún. Arábìnrin kan láti Kòlóńbíà ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mo túmọ̀ ìwé náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀, kọfí ló gbìn títí ó fi darúgbó.

Ẹ̀rín yẹn ni mo rántí ní Kérésìmesì tó kọjá nígbà tí ẹnì kan fi irú ẹ̀rọ náà ta ìdílé wa lọ́rẹ. Ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, "Mọ́mì, àwọn òyìnbó yìí gbọ́n o. Kí ni àwọn tiwa ṣe?" Iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ìdílé àti ọmọdé ni mo ń ṣe, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa lóríṣiríṣi ọ̀nà. Kì í ṣe ìbéèrè tí à ń fi igbe dáhùn. Mo ní kí ó mú ọ̀bẹ wá.

A tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo sì la ìdì kan. Ìyẹ̀fun kọfí tó wà nínú rẹ̀ kò ju gíráàmù márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, bíi ṣíbí tíì méjì. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ó sì nídìí tí wọ́n fi lò ó. Bí a bá ti yan kọfí tí a sì lọ̀ ọ́, òórùn dídùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ nìyẹn; atẹ́gùn, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Alumíníọ̀mù kò jẹ́ kí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Bí a bá ti pa ọwọ́ ẹ̀rọ dé, irin mẹ́ta tó mú ṣóńṣó á gún ìdí ìdì náà. Pọ́ǹpù á fa omi láti inú àgbá rẹ̀ gba ibi ìgbóná, omi náà á gbóná tó nǹkan bíi 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pọ́ǹpù á sì máa fi agbára tì í wọ inú kọfí. Agbára náà lè tó bar 19, bẹ́ẹ̀ bar kan ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá lójoojúmọ́. Kọfí á rin, á wú, kò ní rí ibi gbà. Nígbà tí ó bá yá, ojú ìdì tó tínrín bíi pépà á fẹ̀ síwájú, á kan àwo irin kan tí ẹnu rẹ̀ rí ṣakaṣaka, á sì ya. Ibẹ̀ ni kọfí ń gbà jáde pẹ̀lú ìfófó lórí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ.

Ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní K-Cup, yàtọ̀ díẹ̀. Ike ni ara tirẹ̀, asẹ́ pépà wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan á gún un lókè, òmíràn á gún un nísàlẹ̀, omi á sì ṣàn gba àárín kọjá láìsí agbára púpọ̀. Irú mìíràn sì wà tó jáde ní 2014, Vertuo, tí ẹ̀rọ ń yí bí òkòtó, tó 7,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí àwọn ilà wínníwínní tó wà ní etí ìdì sì ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ti ṣe é.

Mo bi ọmọ mi léèrè bóyá ó rántí ẹ̀kọ tí ìyá mi dì nígbà tí a lọ sílé. Ó rántí. Mo ní, kí ni ẹ̀kọ inú ewé eéran bí kò ṣe oúnjẹ ẹnì kan, tí a wọ̀n, tí a dì, kí ọwọ́ má bàa kàn án, kí ó má sì tètè bàjẹ́, kí ẹni tó ń kánjú lè rà á ní ẹyọ kan tàbí méjì kí ó sì máa lọ? Aláàárù, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Èrò pé kí a di nǹkan ní ìwọ̀n ẹnu ẹnì kan kì í ṣe tuntun sí àwọn ìyá wa rárá. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o: ewé eéran tí a jù sí ààtàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ewúrẹ́ ti lè jẹ ẹ́ tán kí alẹ́ tó lẹ́.

Ìtàn ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ní àwọn ọdún 1930, kọfí pọ̀ ní Bràsíl débi pé wọ́n ń dáná sun ún. Àwọn ará Bràsíl ti kọ́kọ́ tọ ilé-iṣẹ́ Nestlé ní Switzerland lọ pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí kọfí yóò fi pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Max Morgenthaler ló ṣe é yọrí, Nescafé sì jáde ní 1938. Ní 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Eric Favre, wọ iṣẹ́ ní Nestlé kan náà. Ará Ítálì ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ sí Róòmù, ó ṣàkíyèsí pé ní ilé kọfí Sant'Eustachio, èrò a máa tò ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé ẹni tó ń po kọfí níbẹ̀ a máa fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí atẹ́gùn lè bá omi wọlé. Favre lọ ronú sí i, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ rẹ̀ ní 1976. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ń wò ó. Nespresso kò jáde títí di 1986, àwọn ọ́fíìsì ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Ọjà náà kò tà. Jean-Paul Gaillard, tó gba àkóso ní 1988, ló gbé e kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì, tó sọ ọ́ di ohun fáàrí inú ilé, tó dá ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi òjò.

Ní Amẹ́ríkà, John Sylvan àti Peter Dragone ló dá Keurig sílẹ̀, ẹ̀rọ wọn sì wọ ọ́fíìsì ní 1998. Sylvan ti ta ìpín tirẹ̀ ní 50,000 dọ́là ní 1997, kí ọ̀rọ̀ náà tó di bílíọ̀nù. Ní 2015, ó sọ fún oníwèé ìròyìn pé nígbà mìíràn òun a máa kábàámọ̀ pé òun ṣe é, nítorí ìdọ̀tí rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣòfò lọ́nà méjì.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbẹ̀, ọmọ mi yóò rò pé òun jàre. Àwọn òyìnbó ló kún inú ìtàn náà láti òkè délẹ̀. Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni mo ní láti mú un lọ.

Etiópíà ni igi kọfí tí gbogbo ayé fẹ́ràn jù ti wá, ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Yemen ló sọ ọ́ di ohun mímu káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní 1652, Pasqua Rosée, àjèjì tó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan, ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ́nù, ní St Michael's Alley, Cornhill. Láti ọ́fíìsì tí mo ń gbá nígbà náà, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìmọ̀. Àwọn ilé kọfí pọ̀ sí i, àwọn oníṣòwò sì sọ wọ́n di ibi ìpàdé. Nínú ti Edward Lloyd ni àwọn olówó ọkọ̀ òkun ti ń ṣe àdéhùn ìdójútòfò, ibẹ̀ ni Lloyd's of London sì ti ṣẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú láti etíkun wa wà lára ohun tí wọ́n ń dójútòfò. Lloyd's fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Júùnù 2020.

Ibo ni àwọn ọkọ̀ ẹrú ń kó wọn lọ? Ọ̀pọ̀ wọn lọ sí oko ìrèké. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé oko kọfí náà jẹ nínú wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà pọ̀ gan-an. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1833, ní oko kọfí kan tí wọ́n ń pè ní Salvador, ní ìwọ̀-oòrùn Havana, àwọn Lukumí tí wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé láti ilẹ̀ Yorùbá dìde ogun. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n. Wọn kò tíì gbàgbé bí wọ́n ti ń tò lójú ogun nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe jà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba ṣẹ́gun wọn nígbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ló sì ṣòfò. Ní Bràsíl pẹ̀lú, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835 ní Bahia, tí àwọn Yorùbá Mùsùlùmí wà ní iwájú rẹ̀, wọ́n ta ọ̀pọ̀ àwọn Nàgó lọ sí gúúsù, sí ìhà Rio, níbi tí oko kọfí ti ń gbilẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ọmọ náà ti gbé ìdì tí a là sílẹ̀. N kò mọ ohun tó ń rò, n kò sì bi í.

Mo tún rán an létí pé a gbin kọfí nílé pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ní Ondó, Èkìtì, Ògùn, Kwara àti ní ìhà Kábbà lọ́dọ̀ àwọn ará wa Òkun gbìn ín, robusta ní pàtàkì, irú èyí tí wọ́n sábà ń lò fún kọfí pípò bíi Nescafé. Ilé-ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, kọfí wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1977, Bọ́ọ̀dù Kòkó ìjọba àpapọ̀ ló ń ra kòkó, kọfí àti tíì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kùn sí i gan-an nítorí pé owó tó ń san kéré. Ṣùgbọ́n kí ó tó di àkókò ìkórè, àgbẹ̀ mọ iye tí yóò gbà. Ní 1986, nígbà ètò SAP, ìjọba tú àwọn bọ́ọ̀dù ká. Ẹ wo ọdún náà dáadáa: 1986. Ọdún tí wọ́n gbé ìdì kọfí jáde ní Switzerland ni àgbẹ̀ kọfí wa di ẹni tó ń nìkan bá ọjà jà.

SAP kan náà ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìdì kékeré lọ́nà mìíràn. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, agolo mílíìkì àti agolo Bournvita ni ń bẹ lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé. Náírà ṣubú, agolo sì di ohun àwòṣífìlà. Àwọn alátè bẹ̀rẹ̀ sí í tú agolo, wọ́n ń wọn ìyẹ̀fun mílíìkì sínú ọ̀rá pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ń so ó ní kókó. Àwọn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú gba ọ̀nà náà. Ní 1993, Cowbell wọ Nàìjíríà nínú ọ̀rá ẹlẹ́yọ kan, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, títí tí Milo àti Bournvita fi ń so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ níwájú gbogbo ìsọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ṣakí.

Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì wéra. Aláìní nílé ń ra ìwọ̀n ẹnu kan nítorí pé kò ní owó agolo. Olówó níhìn-ín ń ra ìwọ̀n ẹnu kan nítorí pé kò ní àkókò láti fọ kẹ́tù. Àwọn méjèèjì ló lè máa san owó ju ti ẹni tó ra odidi lọ. Èmi àti ọmọ mi ṣírò rẹ̀. Ìdì mẹ́wàá tí mo rà jẹ́ £4. Bí ìdì kan bá ní gíráàmù márùn-ún, 200 ni yóò tó kílò kan, £80 nìyẹn. Kọfí lílọ̀ tó wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, £16 ni kílò rẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbìn ín kì í sábà rí púpọ̀ gbà nínú £64 tó wà láàárín wọn.  Alumíníọ̀mù ọ̀hún pàápàá, láti inú òkúta bauxite ló ti ń wá, Guinea tí kò jìnnà sí wa sì wà lára àwọn tó ń wa òkúta náà jù lọ ní ayé.

Lórí ìdọ̀tí rẹ̀, n kò ní pẹ́. Ìlú Hamburg ní Jámánì ti fòfin dè é ní 2016 pé wọn kò gbọdọ̀ fi owó ìjọba ra irú kọfí bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ní ìlú ọba níhìn-ín, àwọn tó ń ṣe é dá ètò Podback sílẹ̀ ní 2021 láti máa kó èyí tí a ti lò padà fún àtúnlò. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ káńsù rẹ̀ tàbí kí ó wá ọ̀rá ìkójọ wọn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí inú rẹ̀ dára fún ilẹ̀. Tòmátò tí mo gbìn sí bálíkónì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi àti arábìnrin ará Kòlóńbíà yẹn mu nínú kọfí ẹ̀rọ náà rí.

Mo sọ òótọ́ fún un. Lọ́pọ̀ àárọ̀, bí a bá ti parí iṣẹ́, a máa ń padà sí Elephant, sí ilé kọfí kékeré kan ti àwọn ará ìlú rẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1965 tí wọ́n sì tì pa ní ọjọ́ 24 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2020 kí wọ́n tó wó o. Òun ló máa ń sanwó; èmi á ra púpúù fún un ní Peckham ní ọjọ́ Ẹtì. Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lò kẹ́yìn ní ọ́fíìsì náà, ó lọ síbi ẹ̀rọ, ó ki ìdì kan bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó dúró níwájú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé ife sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò. Ó ní kò tó ti bàbá òun. Ó sì da ìyókù sínú síǹkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán.